Ogójì Nísàlẹ̀ Òdo

Ọ̀sán gangan ní Ìrojò, oòrùn ń yan páànù orí ilé,
ọkọ̀ mi ní òtútù ń pa òun.
Ó kọ ọ́ sójú gíláàsì kékeré:
ogójì nísàlẹ̀ òdo.
Ní Iléṣà! Níbi tí òrí ti ń yọ́ nínú agolo láìrí iná.
Ó wá ń fẹ́ ooru sí wa lójú
bí ìyá tó ń mú ọmọ tuntun yáná nínú ọyẹ́.

Bàbá wà lẹ́yìn, súwẹ́tà lọ́rùn. Kò ráhùn.

Sàbúrì ní gáàsì ló tán. A ra gáàsì.
Ó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló kú. A pààrọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀,
owó oṣù kan àtààbọ̀ bá a lọ.
Ọkọ̀ ṣì ń sọ ogójì rẹ̀.
Ó wá ní bóyá Bẹ́líjíọ̀mù tí wọ́n ti gbé e wá
ni kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀.
A rẹ́rìn-ín. Mo sanwó ẹ̀rín náà pẹ̀lú.

Ìbídàpọ̀ ni wọ́n júwe fún mi, lẹ́yìn Ẹrẹ́jà,
rẹwáyà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, èékánná rẹ̀ kúrú.
Kò bèèrè gáàsì. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ó lóṣòó síwájú bọ́ḿpà
bí àwọn bàbá wa òṣómàáló ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
n ò ní jókòó, n ò ní lọ,
àfi kí n gbọ́ tẹnu ẹ.

Ó yọ nǹkan kan jáde, kò ju kóró ọsàn lọ.
"Sẹ́ńsọ̀ nìyí. Òun ni awọ ara ọkọ̀."
Ó rì í sínú ife omi tútù, ó ka mítà.
Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó pa á mọ́, ó mí sí i,
nọ́ńbà ojú mítà ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí ooru ṣe ń wọ̀ ọ́ lára.
"Kò sí ohun tó ṣe eléyìí. Ó ń gbọ́. Ó ń sọ."

Ó wá fi ìka tọ wáyà lọ lẹ́yìn bọ́ḿpà,
títí dé ibi tí a fi gbá ewúrẹ́ kan lọ́nà Ìpetu lọ́dún èṣí,
tí pánẹ́bítà lù títí ó fi tọ́.
Wáyà ti já. Ẹnu rẹ̀ ti dípẹtà.

"Irọ́ kọ́ ni ọkọ̀ yìí ń pa," ló wí.
"Kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́ ni.
Bí ibẹ̀ bá sì ti dákẹ́ pátápátá,
òtútù ló ń kà á sí."

Mo wo ẹ̀yìn nínú dígí.

Ó bó wáyà, ó lọ́ ọ pọ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o.
Ó ní kí n tan ọkọ̀.
Ogójì náà mì. Ó di mọ́kànlá. Ó di òdo,
ó ń gòkè bọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun,
ó dé méjìlélọ́gbọ̀n, ó dúró.
Afẹ́fẹ́ tútù tú jáde, òórùn eruku lára rẹ̀.
Mo fẹ́ pariwo.

"Ta ló pa nọ́ńbà yẹn rẹ́?"
Bàbá ni.

Ìgbà náà ló tó yé mi
ìdí tó fi ń tètè wọ ọkọ̀ láràárọ̀, tó ń nagà wo iwájú.
Túbọ̀sún ló sọ ọ́ lórí fóònù, ọjọ́ tó pè kẹ́yìn
(oṣù kìíní ọdún nìyẹn; kòkó ti pọ́n báyìí),
pé ní Wínípẹ̀gì, ogójì nísàlẹ̀ òdo ni,
pé itọ́ á ti dì kó tó kanlẹ̀.
Bàbá rò pé ìròyìn ọmọ òun ni ọkọ̀ ń mú wá.

Ìbídàpọ̀ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.
Bàbá na apá gba àárín ìjókòó méjèèjì,
ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé gíláàsì kékeré náà
bí ìyá wa ṣe máa ń gbé tirẹ̀ lé iwájú orí wa
nígbà tí ibà bá fẹ́ wọlé.

"Tiwa nìyí," ó ní. "Ti ọ̀hún ńkọ́?"